Máíkì olówó ńlá kọ́ ló ń tún ohùn akọrin ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ sọ yàrá kan di sítúdíò, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Èló ni máíkì Neumann?" Ohun tó gbòde ni pé bí máíkì bá ṣe wọ́n tó ni ohùn ṣe máa dára tó, àti pé máíkì dynamic, irú èyí tí wọ́n ń dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, kò yẹ ní sítúdíò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń jẹ àwọn akọrin lówó.

Ẹ wo àwo orin Thriller tí Michael Jackson gbé jáde ní 1982. Bruce Swedien ló ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò Westlake ní Los Angeles, Shure SM7 ló sì fi ká púpọ̀ nínú ohùn náà. Dynamic ni SM7. Kì í ṣe àìlówó, nítorí máíkì kún ọwọ́ Swedien lóríṣiríṣi. Èyí tó bá ohùn yẹn mu ló gbé síwájú rẹ̀. SM7B tó ń bẹ lọ́jà báyìí ń lọ ní nǹkan bí 400 dọ́là ní Amẹ́ríkà, Neumann U 87 sì ju 3,000 dọ́là lọ.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí náà tún máa ń ṣì í gbà. Wọ́n á ní condenser, irú máíkì tí U 87 jẹ́, ló ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, pé dynamic kì í gbọ́ ọ. Ẹ gbé méjèèjì sójú kan náà, kí ẹnu jìnnà sí wọn bákan náà, kí ẹ wá yí gain, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn máíkì sókè, títí ohùn á fi dọ́gba. Jẹnẹrétọ̀ ń bẹ nínú méjèèjì, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ibi tí akọrin dúró sí ni ọ̀rọ̀ wà. Nǹkan bí 20 sẹ̀ńtímítà la máa ń fún U 87. Fóòmù bo orí SM7B, nítorí náà ẹlòmíì á sún mọ́ ọn dé 5 sẹ̀ńtímítà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá dín àyè náà kù sí ìdajì, ohùn tó ń tẹnu wá á fi nǹkan bí 6 dB (decibel, ìwọ̀n bí ìró ṣe lágbára tó) lágbára sí i, ṣùgbọ́n ìró inú yàrá á wà bó ṣe wà. Láti 20 dé 5, ẹ ti gé e sí méjì lẹ́ẹ̀mejì: 12 dB nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń yìn SM7B fún ti wá.

Ṣùgbọ́n sísún mọ́ máíkì ní wàhálà tirẹ̀. Ìró ìsàlẹ̀ á wú, ọ̀rọ̀ á máa rì sínú rẹ̀. Máíkì méjèèjì ní bọ́tìnnì kékeré lẹ́yìn tó ń gé ìró ìsàlẹ̀ kù. Ẹ lò ó. Lẹ́tà b àti p ti Gẹ̀ẹ́sì á máa fẹ́ atẹ́gùn lu máíkì. Pop filter, àwọ̀n tí wọ́n ń gbé síwájú máíkì, tó jìnnà sí U 87 ní 10 sẹ̀ńtímítà yóò gbà á, tàbí kí ẹ yí ojú máíkì díẹ̀ kúrò ní ọ̀gangan ẹnu.

Gain ni ibi tí ẹni tó ra SM7B nítorí Michael Jackson ti máa ń ké. Máíkì yẹn fẹ́ tó 60 dB, audio interface (àpótí tó ń so máíkì mọ́ kọ̀ǹpútà) olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó ní in kó sì máa hó "ṣíí" lábẹ́ ohùn. Ẹ̀rọ kékeré bíi Cloudlifter, tó ń lo 48V phantom power (iná tí interface ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà máíkì), ń fi nǹkan bí 25 dB kún un. Ẹ fi owó rẹ̀ kún ìṣirò kí ẹ tó sọ pé SM7B pọ́ọ́kú.

Yàrá wá ń kọ́? Ẹ dúró síbi tí máíkì máa wà, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń dáhùn "ta-ta-ta" láàárín ògiri méjì, kò sí Neumann tó máa pa á mọ́. Máíkì cardioid, èyí tó ń gbọ́ iwájú rẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ń wo akọrin àti ohun tó wà lẹ́yìn akọrin, nítorí náà ẹ̀yìn akọrin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúbùsù tó nípọn kọ́, kí ó jìnnà sí ògiri ní 30 sẹ̀ńtímítà, kì í ṣe ẹ̀yìn máíkì bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe. Páálí ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri? Ẹ dá a padà fún alẹ́yin. Ìgbì ìró ìsàlẹ̀ bíi 100 Hz gùn tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè dá a dúró. Ohun tó wúwo àti dídí gbogbo ihò ló ń dá jẹnẹrétọ̀ dúró, fèrèsé lúfà sì jẹ́ ihò gbọọrọ.

Tí ẹ bá ní yàrá tó dákẹ́, tí ẹ ti tọ́jú ògiri rẹ̀, U 87 á fún yín ní èémí àti ìró òkè tó mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ló ti tó owó rẹ̀.

Kí akọrin tó la ẹnu, ẹ ká ìṣẹ́jú àáyá 10 láìsọ̀rọ̀. Bí ohùn bá ń dé -12 dBFS (ìwọ̀n ìró nínú kọ̀ǹpútà, 0 ni òkè pátápátá) níbi tó lágbára jù, ó yẹ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn wà ní -60 tàbí kó relẹ̀ sí i. Bí ẹ bá gbọ́ "ńńń" tí kò dáwọ́ dúró, ẹ yọ ṣájà laptop, kí ẹ lo bátìrì. Bí ó bá lọ, wáyà earth ilé yín ni kí ẹ pe oníná wá wò.