Ká gbọ́n epo kúrò lójú omi kò ní kí omi náà mọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé epo àti omi kì í pò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí epo rọ̀bì bá dà sínú odò tàbí kànga, a ó ní kí wọ́n gbọ́n tojú rẹ̀ dànù, kí wọ́n se èyí tó kù, ó ti di mímu. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń pani ni.

Lóòótọ́, epo máa ń léfòó. Ṣùgbọ́n àìmọye kẹ́míkà ló wà nínú epo rọ̀bì, àwọn kan nínú wọn sì ń yòrò sínú omi. Benzene wà lára wọn, ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Lítà omi kan lè gba ju gíráàmù kan rẹ̀ lọ, kí omi náà ṣì mọ́ lójú. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó kọjá nínú omi mímu ni gíráàmù 10 nínú lítà mílíọ̀nù kan. Ẹ to ọgọ́rùn-ún táńkà omi jọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10,000: gíráàmù 10 péré ni fún gbogbo wọn.

Ẹ wo ilẹ̀ Ògóní ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Láti 1993 ni Shell ti dáwọ́ epo wíwà dúró níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2011, benzene inú kànga tí àwọn ìdílé kan ń mu ní Nisisioken Ogale ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n yẹn lọ. Wọ́n yẹ kànga 28 wò ní àwùjọ 10 tó wà nítòsí ibi tí epo ti bà jẹ́, àwọn ará ibẹ̀ sì sọ pé àwọn mọ̀ pé omi náà léwu, ṣùgbọ́n òun náà làwọn ń mu, òun làwọn fi ń wẹ̀, òun làwọn fi ń se oúnjẹ, torí kò sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju gbogbo iye tí wọ́n kà lọ.

Àwọn kan ní amọ̀ inú ilẹ̀ kò ní jẹ́ kí epo dé ìsàlẹ̀. UNEP rí i pé kò sí amọ̀ kankan tó tẹ́ lọ káàkiri abẹ́ ilẹ̀ Ògóní. Níbi 49, wọ́n bá epo nínú ilẹ̀ ní mítà 5, ó kéré tán.

Sísè ńkọ́? Kòkòrò àrùn ni iná ń pa, epo kì í ṣe kòkòrò. Bí omi bá ti ń hó, benzene á bá ooru rẹ̀ jáde sínú ilé ìdáná, ìyá àti ọmọ á máa fà á símú. Èyí tó wúwo nínú epo náà á kù sínú ìkòkò. Álọ́ọ̀mù náà kò ràn án. Ìdọ̀tí ló ń mú kó rọlẹ̀, kò lè mú ohun tó ti yòrò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí Rivers. Ní Bàrúwà, lágbègbè Ìpájà l'Ékòó, epo bẹntiróòlù tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ kànga jẹ́.

UNEP ní àtúnṣe ilẹ̀ Ògóní lè gba ọdún 25 sí 30. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ́dọ̀ yín pé àwọn ti palẹ̀ epo tó dà mọ́, ẹ má fojú odò dá a lẹ́jọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi èsì àyẹ̀wò omi abẹ́ ilẹ̀ hàn yín, kí ẹ wo iye benzene tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé omi mìíràn wá fún yín títí iye náà yóò fi wálẹ̀.