Ẹ Gbé Ẹsẹ̀ Sókè, Ẹ Sọ Ẹsẹ̀ Kalẹ̀

Bí ìgbéyàwó bá ti pé oṣù mẹ́jọ tí ikùn ìyàwó ṣì pẹlẹbẹ, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kéde. Ìmọ̀ràn ti gbọ́, ó ti wọ bàtà, ó ń bọ̀. Ìyá ọkọ á kọ́kọ́ dé, aládùúgbò á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni ọmọbìnrin tó ń ta irun lórí Instagram lóṣù tó kọjá, tó ti di olùkọ́ ìlóyún báyìí, tó ń pe gbogbo èèyàn ní "ìyá ìbejì" kó tó dárúkọ iye tí ìgò àgbo kan jẹ́. Dókítà ní kí wọ́n fi oṣù 12 gbìyànjú kí wọ́n tó máa wádìí, oṣù 6 bí ìyàwó bá ti lé ní ọdún 35. Ta ló fẹ́ dúró de oṣù 12? Ìgò ti wà nílẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ojú ọjọ́ inú ilé ọmọ. Ìyá kan ní ilé ọmọ ìyàwó yìí tutù: kó má fẹnu kan omi fìríìjì, kó máa mu atalẹ̀ gbígbóná láràárọ̀. Ìyá kejì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní rárá o, ara rẹ̀ ló gbóná jù, òun ló ń se àtọ̀ bí ẹyin adìẹ, omi àgbọn ni kó máa mu. Ìyàwó gbọ́ràn, ó mu atalẹ̀ láàárọ̀, ó mu omi àgbọn lálẹ́. Ilé ọmọ kò mọ̀ pé wọ́n ń ja ìjà òun. Ìwọ̀n 37 tí gbogbo inú ara wà náà lòun wà, omi dídì yẹn sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ikùn.

"Ọ̀rá ti bo ilé ọmọ ẹ, dín oúnjẹ kù." "O ti gbẹ jù, ibo lọmọ fẹ́ sùn sí?" Wòlíì ní ààwẹ̀ ọjọ́ 21. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá rù jù, ẹyin rẹ̀ lè má jáde mọ́. Àbúrò ọkọ ní kó má ronú rárá, òun kan náà ló sì ń pè ní gbogbo ìparí oṣù: "Ṣé kò tíì sí nǹkan?"

Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹsẹ̀ ló le jù. Lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kí ìyàwó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ìrọ̀rí méjì wà lábẹ́ ìdí, kí èdà má baà da nǹkan nù. Òmíràn ní kó dìde kíá kó lọ tọ̀, kí àrùn má baà wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe méjèèjì, á ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ lódòódì. Èyí tó máa lọ nínú àtọ̀ ti wọ ọrùn ilé ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi tó ń ṣàn padà dà bíi dánfó tó já èrò sílẹ̀, tó ń padà sí gáréèjì. Ó ń ṣàn lára àwọn tó ń lóyún lọ́dọọdún náà, títí kan ìyá tó ń ta oògùn èdà.

Ọjọ́ kẹrìnlá tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní ẹyin gbogbo obìnrin ń jáde, wá di ẹ̀sìn. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé, kì í ṣe ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí èyí tó kọjá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ń yí ní ọjọ́ 28, ìṣírò méjèèjì bọ́ sójú kan, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ ń yí ní ọjọ́ 35, nǹkan bí ọjọ́ 21 ló yẹ kó máa wò. Ó ti fi ọjọ́ 14 dá ọkọ lágara. Nígbà tí ẹyin dé, ọkọ ti lọ Àbújá. Ẹyin kì í lò ju wákàtí 24 lọ, àtọ̀ sì lè dúró dè é fún ọjọ́ 5, nítorí náà àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ẹyin ló níye lórí. Ẹnìkan tún ní kí ọkọ fi nǹkan pa mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè ki bí ògì. Àtọ̀ tó bá pẹ́ nípamọ́, ńṣe ló ń gbó, kì í lè wẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, jálẹ̀ oṣù, ti tó. Kò gba ìgò, kò gba ìṣírò, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń polówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fítámì folic acid, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ kí oyún tó dé. Kì í fúnni lóyún, ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ló ń dáàbò bò, kò sì wọ́n tó ohun tí èèyàn ń fi fídíò tà.

Ìfọlé-ọmọ ni mi ò lè rẹ́rìn-ín sí. Kí ni nǹkan oṣù bí kì í bá ṣe pé ilé ọmọ ń fọ ara rẹ̀? Bí wọ́n bá wọ inú rẹ̀ lọ ha á láìnídìí, àpá lè mú ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, a sì ti fi owó ra àgàn. Ewé tí wọ́n dì, tí wọ́n ní kí obìnrin ki bọ abẹ́, ń bó o lára, ó ń pe àrùn. Túùbù, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ, tí àrùn bá ti dí i, àgbo kò lè ṣí i: ọ̀fun ló gbà, ikùn ló ń lọ. Oníkẹ́míìsì ń ta Clomid fún "ìbejì", bẹ́ẹ̀ ẹni tí ẹyin rẹ̀ kì í jáde ni wọ́n ṣe é fún. Kò ṣí túùbù, kò sì kan àtọ̀ ọkọ.

Ọkọ! A ti gbàgbé rẹ̀ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Nínú tọkọtaya méjì tó ń wá oyún tí wọn ò rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọwọ́ ọkùnrin wà nínú ti ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ ní kò sóhun tó ń ṣe ọmọ òun, pé ó ń dìde bí òpó NEPA. Ìgbà wo ni òpó tó dúró ti di ẹ̀rí pé iná wà nínú wáyà? Bó bá ń gún abẹ́rẹ́ testosterone, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, ní jíìmù kí àyà lè gbòòrò, ọpọlọ á rò pé ó ti tó, á ní kí kórópọ̀n sinmi, àtọ̀ á sì ṣófo. Bó bá ń wa ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ ìjókòó, ooru ń bá a jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àtọ̀ sì ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kó tó pé, ẹni tó ní òfio àti dàbínù òun á tún un ṣe ní ọjọ́ 7 kò tíì bá a pàdé rí.

Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkọ kò le. Kó má da àtọ̀ jáde fún ọjọ́ 2 sí 7, kó gbà á sínú ike mímọ́ tí wọ́n fún un, láìlo itọ́, ọṣẹ tàbí kọ́ńdọ̀mù lásán, kó gbé e mọ́ra, kì í ṣe sínú fìríìjì, kó sì dé ibi àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan. Ààlà ìsàlẹ̀ tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kọ sílẹ̀ ní 2021 ni mílílítà 1.4 àtọ̀, pẹ̀lú mílíọ̀nù 16 sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ dán an wò, ẹ gbé ike yẹn síwájú ẹbí. Ìyá atalẹ̀ bojú wo ìyá omi àgbọn. Wòlíì mi orí. Olùkọ́ ìlóyún pa fóònù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ, ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan: kò sẹ́ni tó máa gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ọmọ àwọn, ta ló mọ̀ bóyá oògùn owó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Kí ìyàwó kọ́kọ́ mu ìgò tó ṣẹ́kù ná.