A ń sọ̀rọ̀ dáadáa, owó ló ń dà á rú
Ẹ ní torí àwọn òṣìṣẹ́ ò bára wọn sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ ò fi lọ déédéé, èmi ò gbà o. Níbi tí mo ti ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta níbí, àárọ̀ dalẹ́ la fi ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹni tó ń po aró ò jẹ́ káwa yòókù mọ ìwọ̀n kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró, torí òun nìkan ni ọ̀gá ń fún lówó kún owó oṣù, ọjọ́ tí ara ẹ̀ ò yá, a pò ó fúnra wa, aró ò mú, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan gbogbo ẹ̀ ti ṣí. Ọmọbìnrin tó fọjọ́ méjì so aṣọ yẹn, tí okùn ti bó ní ìka, òun ni ọ̀gá wá ń pariwo lé lórí, ó dùn mí gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká máa ṣe mítíìnì, ẹ jọ̀ọ́, mítíìnì wo ló máa mú ẹni tó ń po aró sọ ohun tó fi ń jẹun? Kí wọ́n pín owó yẹn kárí ná.