Pátá Ọparun Kò Ní Ọparun Nínú

Ẹ lọ fọwọ́ pa ọparun wò. Èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró, tí a fi ń ta àtíbàbà. Ẹ ya fọ́nrán kan lára rẹ̀, kí ẹ fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní bi mí mọ́ ìdí tí mo fi ń jiyàn pé pátá tó rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tí wọ́n ń tà ní pátá ọparun, kì í ṣe ọparun.

Iṣẹ́ mi ni mò ń sọ. Mo ń rán kọ́mú, mo sì ń ta pátá àti ṣimí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn oníbàárà ti ń bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ní ti ọparun?" Wọ́n á ní ewéko lásán ni, pé kò sí kẹ́míkà níbẹ̀, pé kì í ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, pé ó tún ń pa kòkòrò. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo ra páálí kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti kọ́tìnì, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù: PÁTÁ ỌPARUN, KÒ SÍ KẸ́MÍKÀ.

Ọjọ́ kan tí iná ò sí, tí mo jókòó lásán, ni mo yí ọ̀kan síta, mo ka aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ewé ọparun tútù yọ̀yọ̀ ni wọ́n yà sí ara páálí. Ohun tí wọ́n kọ sínú pátá, lẹ́tà rẹ̀ kò ju ojú èèrà lọ: viscose 95%, elastane 5%.

Elastane ni òwú tó ń fà bíi rọ́bà. Viscose náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní rayon. Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Ọdún 1892 ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Charles Cross, Edward Bevan àti Clayton Beadle, gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, sílíìkì àtọwọ́dá sì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Wọ́n á gé ọparun wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é títí yóò fi di ohun rírọ̀ bí èyí tí a fi ń ṣe pépà. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú kọ́síìkì sódà, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ carbon disulphide lé e lórí, yóò di wóróworó tó pọ́n bí ọsàn. Wọ́n á tún yọ́ ọ nínú sódà títí yóò fi ki bí oyin. Oyin yìí ni ẹ̀rọ ń tì gba ojú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, bọ́ sínú áásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Ibẹ̀ ló ti ń dì, tó ń di fọ́nrán òwú.

Bí ẹnì kan bá mu ògógóró, ṣé a lè ní imọ̀ ọ̀pẹ ló jẹ? Ohun tó jáde nínú áásíìdì yẹn kò ju cellulose lọ, èyí tó wà lára gbogbo igi. Ẹ fi igi mìíràn rọ́pò ọparun, òwú kan náà ni yóò jáde. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ pé ó ń pa kòkòrò ti kú: ohunkóhun tí ọparun ní lára nínú igbó, kò ní yè bọ́ lọ́wọ́ sódà àti áásíìdì.

Kì í ṣe èmi nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, fẹ̀sùn kan àwọn olùtajà mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2009, wọ́n sì kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ilé iṣẹ́ 78 ní 2010. Ní 2013, Amazon, Macy's, Sears àti Leon Max gbà láti san mílíọ̀nù 1.26 dọ́là láàrin ara wọn. A rò pé ó parí síbẹ̀. Ní 2022, Walmart àti Kohl's tún gbà láti san mílíọ̀nù 5.5. Àwọn ilé ìtajà tó lówó láti gba agbẹjọ́rò rẹpẹtẹ nìyẹn o, ẹ wá wo èmi tí mo ń ka páálí. Òfin wọn ò le: bí o bá fi ọparun ṣe rayon, kọ ọ́ pé rayon tí a fi ọparun ṣe.

Ojúlówó aṣọ ọparun wà. Wọ́n á lọ ọparun, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á ya fọ́nrán rẹ̀ bí ẹni ń ya irun. Ó le, ó wọ́n, kò wọ́pọ̀, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ wọ̀ ọ́ sábẹ́ yẹ̀rì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ ló tiẹ̀ dùn mí jù. Carbon disulphide tí mo dárúkọ yẹn, wéréwéré ló ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́, iṣan ara rẹ̀ lè máa kú díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ lè dàrú, ọkàn rẹ̀ sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí nínú pátá tí a wọ̀, ẹ má fòyà. Ara òṣìṣẹ́ ló kù sí. Dókítà kan ní Paris, Auguste Delpech, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1856, kí viscose tó dáyé: àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ rọ́bà ló rí tí orí wọn ń yí.

Ní Kòríà Gúúsù, ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́bàá Seoul, Wonjin Rayon ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láti Jàpáànù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1960. Wọ́n tì í ní 1993. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí kẹ́míkà yìí sọ di aláàbọ̀ ara tàbí tó pa lé ní 800. Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Wọ́n tún tà á, ó di tòkunbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ sí Ṣáínà. Ṣáínà yẹn ló ń ṣe viscose jù lágbàáyé lónìí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sun pátá rẹ̀ níná. Ọparun fúnra rẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀: ó ń yára dàgbà, bí a bá sì gé e, ó tún ń hù. Àwọn ilé iṣẹ́ viscose kan sì wà tó ń gba kẹ́míkà náà padà dípò kí wọ́n tú u sáfẹ́fẹ́. Èyí tó dára jù ni lyocell, òwú mìíràn tí a ń fi igi ṣe. Kò lo carbon disulphide rárá. Ohun tí wọ́n fi ń yọ́ igi níbẹ̀, ó ju 99% tí wọ́n ń gbà padà láti tún lò. Tencel ni Lenzing, ilé iṣẹ́ kan ní Austria, fi ń ta tirẹ̀. Wọ́n lè fi ọparun náà ṣe lyocell, nítorí náà ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lára aṣọ pélébé inú rẹ̀, bóyá viscose ni tàbí lyocell, ẹ má wo ewé ara páálí.

Kọ́tìnì náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Omi tí wọ́n darí sí oko òwú ló jẹ́ kí òkun Aral ní àárín Éṣíà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán.

Àwọn oníbàárà mìíràn á ní, "Ṣùgbọ́n àmì wà lára rẹ̀." Àmì wo? OEKO-TEX Standard 100, aṣọ tó ti parí ni wọ́n ń yẹ̀ wò, pé kò ní májèlé tó lè ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó dúró ti agbada áásíìdì. FSC, ọ̀rọ̀ igbó ló ń sọ. GOTS ló ń béèrè bí wọ́n ṣe ṣe òwú àti bí wọ́n ṣe ń lo òṣìṣẹ́, orí òwú tí a gbìn láìlo oògùn olóyìnbó ni ẹ sì ti máa rí i jù.

Ó ku dọ́sìnnì mẹ́rin nínú páálí mi. Mo ti pa PÁTÁ ỌPARUN rẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo kọ RAYON, mo sì dá owó rẹ̀ padà sí iye ti kọ́tìnì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan wọlé, ó wo pátákó náà, ó ní, "Àǹtí, ti ọparun tí ẹ ń tà tẹ́lẹ̀ dà? Òun ló bá mi lára mu." Mo gbé e fún un, mo ní rayon ni. Ó fọwọ́ pa á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má da ara mi láàmú, òun mọ ọparun bí òun bá rí i.