"Mo Ti Dé Ẹnu Géètì"

Àwa òbí gan-an ni mo fẹ́ bá wí lónìí, ara mi náà sì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń tẹ fóònù nídìí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, ọ̀dọ́ kan tó ń sáré àsápajúdé ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sẹ́nu géètì lásìkò tí àwọn ọmọ ń jáde, kí ẹ yọjú wo inú àwọn ọkọ̀ tó tò síbẹ̀. Ìyá Lágbájá ni, Bàbá Tàmẹ̀dò ni. Wọ́n dorí kodò, "mo ti dé ẹnu géètì" ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́, ọkọ̀ sì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, àpò ìwé kan ló wà níwájú ọkọ̀ mi. Ọmọ tó pọ̀n ọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju iná ọkọ̀ lọ. Bíréèkì ló kó mi yọ. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ mọ̀, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ.

Eré sísá ni ọ̀pọ̀ àmì tó wà nítòsí ilé ìwé ń bá wí. Ó dáa. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí ń jẹ ilẹ̀ tó lé ní mítà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú àáyá 5 ka àtẹ̀jíṣẹ́ ti wakọ̀ lé ní mítà 40 láì ríran, kò sì rú òfin eré kankan.

Ní Texas, láti 2009 ni wọ́n ti ka fóònù ọwọ́ léèwọ̀ fún awakọ̀ níbi tí ọmọ ilé ìwé ti ń sọdá, ìlú tó bá sì fẹ́ mú òfin náà ṣẹ gbọ́dọ̀ ri àmì rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí agbègbè náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni pé òfin náà fàyè gba ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dúró. Ṣé ọkọ̀ orí ìlà níwájú ilé ìwé máa ń dúró ni? Ó kàn ń sún ni! Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ mi lọ́rùn jù. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2003 ò yọ ẹni tó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sílẹ̀, nígbà tó sì di 2022, wọ́n fi fọ́tò yíyà àti géèmù títa kún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ kì í fọwọ́ kàn án, pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lásán ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ìyẹn náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju gbígbé e dání lọ. Ọwọ́ wà lórí ìdarí, ọkàn ti lọ sọ́jà.

Àmì náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà òfin, iye owó ìtanràn àti àlàyé rẹpẹtẹ sí, lẹ́tà rẹ̀ á wá rí bí èèrà. Ẹni tẹ́ ẹ ní kó má kàwé lórí ìrìn, ẹ tún wá gbé ìwé síwájú ẹ̀. Àwòrán fóònù kan tí wọ́n fa ìlà pupa lé ti tó, kí wọ́n sì tún un rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí àwa òbí ń tò sí.

Fóònù tèmi, inú búùtù ló ń wà báyìí títí ọmọ á fi wọkọ̀. Ìyàwó mi ń bínú pé mi ò kí ń gbé ìpè òun lásìkò yẹn mọ́. A ṣì ń sọ ọ́.