Gain Mẹ́wàá, Orí Fífọ́ Lásán!

Ta ló tiẹ̀ sọ fún un yín pé gain, bọ́tìnnì tó ń fọ́ ohùn gítà, ni thrash, orin metal tó ń sáré kíkankíkan yẹn? Láti Agbowó dé Challenge n'Ìbàdàn, ọmọ gítà tó bá ti rí plugin (sọ́fítíwíà tó ń ṣe bí amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gítà sókè) kó sórí laptop, gain ló máa kọ́kọ́ yí dé mẹ́wàá. Á wá máa dún bí oyin tí wọ́n dé mọ́ inú agolo mílíìkì. Ẹnu kan náà ló máa fi sọ pé sọ́fítíwíà ò dáa, àfi kéèyàn ra amp gidi. Irọ́ ni!

Ohùn ẹgbẹ́ thrash Metallica ọdún 1986 tẹ́ ẹ̀ ń lé kiri yẹn, amp Mesa/Boogie Mark IIC+ ló wà nídìí ẹ̀. Nínú amp yẹn, iwájú ibi tí ohùn ti ń fọ́ ni bọ́tìnnì bass (ohùn ìsàlẹ̀), mid (ti àárín) àti treble (ti òkè) wà. Kò dà bí amp Marshall, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni tiẹ̀ wà. Ẹni tó bá yí bass dé méje níbẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń pò. Bass ò gbọdọ̀ ju 1 tàbí 2 lọ. Treble 7. Gain 6 ti tó, kódà 5. Ìgbà yẹn lẹ tó máa wá kọjú sí sláídà márùn-ún tó wà lẹ́yìn ibi tí ohùn ti ń fọ́: 80, 240, 750, 2200, 6600 Hz. Ibẹ̀ ni bass ti ń padà wá! Ẹ ti 80 sókè, ẹ fa 750 wálẹ̀. Níwọ̀nba o. Ẹni tó bá fà á délẹ̀ pátápátá, tí ìlù bá fi wọlé báyìí, gítà ẹ̀ ti di àwátì.

Tó bá jẹ́ JCM800 ti Marshall ni, ẹ fi pẹ́dàálì Tube Screamer síwájú ẹ̀: drive òdo, level kó kún. Bass tó pọ̀ jù ló ń bá yín gé dànù kó tó wọ amp, kí okùn tẹ́ ẹ fẹ̀gbẹ́ ọwọ́ dí lè dún gbìn-gbìn, kó má dún wọ́lọ́wọ́lọ́.

Àwọn kan ò tiẹ̀ fi cab IR (fáìlì tó ń ṣe bí àpótí spíkà) sí i rárá, wọ́n á ní ó ń ha àwọn létí. Kò ní ha yín létí kẹ̀? Amp tí ò ní spíkà, bí ẹni ń fi ìṣó fa páànù tó ti dípẹtà l'Ọ́jà Ọba ló ń rí. Ẹ wá IR 4x12 (àpótí oníspíkà mẹ́rin, ínṣì méjìlá) oní-spíkà Celestion V30 tí wọ́n fi máìkì SM57 gbà, ẹ gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz àti lókè 10 kHz. Tí plugin bá ti ní cab tiẹ̀, ẹ pa ọ̀kan.

Ariwo "ùùù" yẹn ńkọ́? Iná wa, 50 Hz ni. Ó ń dún ní 50, ó ń dún ní 100, ọ̀pọ̀ ilé ò sì ní earth. Gain mẹ́wàá wá ń gbé e pọ̀n. Ẹ yọ ṣájà, ẹ fi bátìrì laptop gbà á, kẹ́ ẹ wá gbọ́ bó ṣe máa rọlẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn gbé noise gate, èyí tó ń pa ariwo tí gítà bá dákẹ́, sókè jù, ìrù nóòtì ló máa gé jẹ.

Ẹ sì jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń gba gítà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ ta á, ọ̀kan sósì, ọ̀kan sọ́tùn-ún. Ẹ̀dà kọ́! Ẹ dà á kọ nígbà ogún, àárín gan-an ló máa jókòó sí. Ẹ gbé gítà, kẹ́ ẹ tún un ta.