Ẹ má fi jẹ́ẹ̀tì wé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé nípa bàálù jẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá wà, àmọ́ ibi tí ẹ ti sọ pé kò yàtọ̀ sí wíwa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ẹ́ńjìnnì kan péré ni Cirrus Vision Jet, ọ̀kan lára irú jẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ní, ọdún 2016 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Lóòótọ́, párásúùtù ńlá wà lára rẹ̀ tó lè gbé gbogbo bàálù náà sọ̀ kalẹ̀. Láti 2020, bọ́tìnnì kan tún wà tí èrò inú rẹ̀ lè tẹ̀ bí nǹkan bá ṣe awakọ̀, bàálù á sì wá pápákọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀, á balẹ̀. Èyí wú mi lórí gan-an. Ẹ rò ó wò ná: ìyá àtọmọ nìkan lókè níbẹ̀, bàbá tó ń wà á ti dákú.

Ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí bàálù tó ń sá nọ́ọ̀tì 120 (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń wọn eré bàálù) ti mọ́ lára ni yóò bọ́ sórí ohun tó ń sá tó 300. Kó tó ronú tán, ó ti kọjá ibi tó yẹ kó ti yà. Yìnyín àti ìjì tún wà lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí òfin Amẹ́ríkà fi ní kí awakọ̀ gba àṣẹ ọ̀tọ̀ fún irú jẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún ìròyìn yín, torí ẹni tó ń múra láti rà á lè máa kà á.